Ìtọ̀ dúdú lára ọmọ AA: ọ̀rọ̀ ẹbí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọkùnrin náà kò tíì pé ọdún márùn-ún nígbà tí wọ́n gbé e wá láti ilé kan lẹ́yìn Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àìsàn náà ti wọ ọjọ́ karùn-ún. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń bì, kò fẹ́ oúnjẹ, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti funfun báláú. Wọ́n ti ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, wọ́n ti fún un ní àgbo, wọ́n sì ti dé ilé ìwòsàn kékeré kan níbi tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ ibà. Ohun tó wá lé ìyá rẹ̀ jáde nílé lóru ni ìtọ̀. "Mo rò pé ẹnì kan da Coke sínú póò rẹ̀ ni," ohun tó sọ fún nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Ìdí ẹ̀jẹ̀ ni èmi jókòó sí nínú láàbù. Kì í ṣe èmi ni mo tọ́jú ọmọ náà, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ G6PD ni, ẹ́ńsáìmù kan (purotéènì tó ń mú iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì ṣẹlẹ̀) tó ń gba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ìbàjẹ́, tí kì í tó lára àwọn kan. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé àyẹ̀wò mẹ́ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì wá lọ́nà lórí ọmọ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tí wọ́n ṣe ní ìṣekúṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹbí náà mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Mo ti yí ohun tí èèyàn fi lè dá wọn mọ̀ padà.

Àkọ́kọ́ wà lórí káàdì ọmọ náà: genotype AA. Kí ẹnikẹ́ni tó bi ìyá rẹ̀ ló ti sọ ọ́: "AA lọmọ mi o." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lé e lórí, ẹ kò sì lè bá a wí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń pariwo ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti nílé ìwé pé kí àfẹ́sọ́nà mọ genotype ara wọn kí wọ́n tó fẹ́ra, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ nínú ariwo náà ni pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá jẹ́ AA kò lábùkù kankan. Irú hìmógílóbíìnì, ohun pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, nìkan ni AA ń sọ. Kò mọ nǹkan kan nípa àwọn ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì.

Èkejì ni ti ibà. RDT, àyẹ̀wò ibà oníkíákíá, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ fi ibà hàn, tiwa náà fi í hàn. Lórí gíláàsì tí a fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo wá kòkòrò ibà títí, n kò rí ẹyọ kan. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ohun tí RDT tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ń wá ni purotéènì kan, HRP2, tí kòkòrò Plasmodium falciparum ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Purotéènì yìí lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò fúnra rẹ̀ ti kú. A bi ìyá léèrè, ó ní ọmọ náà ṣe ibà lóṣù tó kọjá, ó sì lo oògùn ibà artemether-lumefantrine tán pátápátá. Ibà oṣù tó kọjá ni RDT ń ròyìn rẹ̀ fún wa.

PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 13, ó ti kéré jù. Páálí àyẹ̀wò ìtọ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìtọ̀ náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù, kò sí sẹ́ẹ̀lì pupa níbẹ̀. Hìmógílóbíìnì lásán ló ń jáde. Ìyẹn ni pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ gan-an ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń bẹ́, tí èyí tó dà sílẹ̀ nínú wọn ń gba kíndìnrín jáde. Mo padà sórí gíláàsì ẹ̀jẹ̀, mo rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀gbẹ́ wọn ti bù. Nígbà tí mo fi methyl violet kun ẹ̀jẹ̀ tútù rẹ̀, àwọn wóró kéékèèké aláwọ̀ àlùkò yọ lára awọ sẹ́ẹ̀lì lóríṣiríṣi ibi. Heinz bodies nìyẹn: hìmógílóbíìnì tó ti bàjẹ́ tó sì dì. Ẹni tó bá rí i tí kò ronú kan G6PD, ibòmíràn ni ọkàn rẹ̀ wà.

Dókítà ọ̀dọ́ tó gba ọmọ náà wọlé ti ronú kan án kí n tó pè é. Ó ti kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, ó sì ṣe dáadáa pé kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ kankan sí ọmọ náà lára ló ti gba ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò. A ṣe é bí a ṣe máa ń ṣe é. Túùbù mẹ́ta la máa ń tò. Ìkíní, ẹ̀jẹ̀ lásán. Ìkejì, ẹ̀jẹ̀ àti sodium nitrite, èyí tó máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ di àwọ̀ búráùn. Ìkẹta, ẹ̀jẹ̀, nitrite àti methylene blue. Bí G6PD bá wà níbẹ̀ tó pọ̀ tó, á fi methylene blue yẹn ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì padà di pupa. Wákàtí mẹ́ta nínú ooru 37 °C. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti ṣàn jù, a kọ́kọ́ fa díẹ̀ kúrò nínú omi ẹ̀jẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ lè tó ohun tí àyẹ̀wò fẹ́. Nígbà tí àsìkò pé, a kán díẹ̀díẹ̀ sínú omi: túùbù kẹta pupa, ó pupa dáadáa. Èsì ni pé G6PD rẹ̀ kò kéré.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa wo ibòmíràn," dókítà ọ̀dọ́ náà wí. Kò burú. Bí wọ́n bá bi èèyàn ní ìbéèrè tó sì gba ìdáhùn, ó yẹ kó tẹ̀ síwájú. Ibi tó fẹ́ tẹ̀ sí ni ibà olójú-líle tó máa ń mú ìtọ̀ dúdú, abẹ́rẹ́ ibà yóò sì máa bá a lọ.

N kò fọwọ́ sí èsì náà bẹ́ẹ̀. Mo kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má kà á sí òpin ọ̀rọ̀, mo sì lọ ka àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú mùdùnmúdùn egungun. Nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀, mọ́kànlá ló jẹ́ tuntun. Lára ọmọ tí ara rẹ̀ le, a kì í sábà rí ju ọ̀kan tàbí méjì lọ.

Ibí yìí ni kókó gbogbo rẹ̀ wà. Iṣẹ́ G6PD nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ni láti máa pèsè ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kẹ́míkà tó lè ba hìmógílóbíìnì inú rẹ̀ jẹ́, sẹ́ẹ̀lì pupa kò sì ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà pèsè rẹ̀. Ní ti irú àìtó tó wọ́pọ̀ láàárín wa, èyí tí wọ́n ń pè ní A-, sẹ́ẹ̀lì tuntun a máa ní ẹ́ńsáìmù náà tó pọ̀ díẹ̀. Bí ó ti ń dàgbà ni ẹ́ńsáìmù ń tán lára rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó gbó. Bí kẹ́míkà búburú bá wọlé, àwọn àgbà ló ń bẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ló ń ṣẹ́ kù, mùdùnmúdùn sì ń tú ọ̀dọ́ mìíràn síta láti fi dí àlàfo. Ẹni tó bá wá gba ẹ̀jẹ̀ lásìkò yẹn, àwọn tó yè ló ń yẹ̀ wò. Àwọn tí ẹ́ńsáìmù wọn kò tó ti bá ìtọ̀ lọ.

Kí a tó jiyàn yìí jìnnà ni ẹni tí yóò fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ náà dé. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni, ọkùnrin tó taagun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tọmọ mu. A ní àwọn ìbéèrè tí a máa ń bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fún ni lẹ́jẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ wa bi í: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ojú yín ti pọ́n rí?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí òun wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ìtọ̀ ló ń ta á, wọ́n fún un ní oògùn, kò pẹ́ sígbà yẹn ni ojú rẹ̀ pọ́n tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tí kò lè rìn dé kíláàsì láìsinmi. "Màmá wa ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Wọ́n fún mi lágbo, ó lọ." Kò rántí orúkọ oògùn náà. Èmi náà kò lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n nitrofurantoin àti nalidixic acid, oògùn ìtọ̀ ni méjèèjì, ó sì ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé wọ́n máa ń bẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí G6PD rẹ̀ kéré.

Mo gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe fún ọmọ o, fún àyẹ̀wò. A tún ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ṣe mọ́ tirẹ̀, orí àgbékalẹ̀ túùbù kan náà, pẹ̀lú kẹ́míkà kan náà. Tọmọ pupa bíi ti àkọ́kọ́. Ti àbúrò ìyá rẹ̀ búráùn, kò sì yàtọ̀ rárá sí túùbù kejì tí kò ní methylene blue. Orí kúrómósómù X ni jíìnì G6PD, ohun àjogúnbá tó ń pàṣẹ bí ara ṣe ń ṣe é, wà. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gba X kan ṣoṣo tó ní, ọ̀dọ̀ ìyá kan náà sì ni ìyá ọmọ yìí àti àbúrò rẹ̀ ti gba tiwọn. Mo gbé àgbékalẹ̀ náà lọ bá dókítà àgbà ní wọ́ọ̀dù. Ó wò ó, ó ka iye sẹ́ẹ̀lì tuntun, ó ní kí wọ́n tọ́jú ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí G6PD rẹ̀ kéré títí a ó fi tún àyẹ̀wò ṣe. Ẹlòmíràn ló fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ó ku ohun tó fa á. Ibà fúnra rẹ̀ lè fa á, àìsàn kòkòrò èyíkéyìí lè fa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òórùn káńfọ̀ ló pàdé mi. Ìyá bàbá ọmọ náà ló gbé e lé ẹsẹ̀, ó fi ìró kan bò ó.

"Màmá, aṣọ yìí mà ń rùn káńfọ̀."

"Aṣọ àpótí ni, ọmọ mi. Ìgbéyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ la tìtorí ẹ̀ tú wọn jáde."

"Ṣé ó wà lọ́dọ̀ yín nígbà tẹ́ ẹ ń tú àpótí?"

"Òun ló ń bá mi kó o. Kì í fi mí sílẹ̀."

Ọjọ́ kejì tí wọ́n tú àpótí ni ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bàbá rẹ̀ lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, ó gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ó sì mú káńfọ̀ kan wá nínú ọ̀rá. Funfun, róbótó, ó sì ń dán díẹ̀; eyín ti bu apá kan rẹ̀. Ẹni tó bá rí i yóò mọ ìdí tí ọmọ fi kà á sí súìtì. Káńfọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà wa fún aṣọ, naphthalene ló sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá wọ ara, ó ń di irú kẹ́míkà gan-an tí G6PD wà fún. Ẹni tí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ pé lè gbé díẹ̀ mì kó má rí nǹkan. Fún ìkókó tí tirẹ̀ kò pé, aṣọ tí wọ́n fi káńfọ̀ pa mọ́, tí wọn kò sá sóòrùn kí wọ́n tó fi wé e, ti tó láti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n.

Ìtọ́jú kò gùn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n fún un lómi dáadáa nítorí kíndìnrín rẹ̀, wọ́n sì dá abẹ́rẹ́ ibà dúró nígbà tí gíláàsì kejì àti ìkẹta náà kò ní kòkòrò. Ìtọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ń béèrè ẹran nínú àmàlà kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Ìjíròrò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ẹbí náà kí wọ́n tó lọ sílé ló le jù ìtọ́jú lọ, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà. Ẹ wo bí ó ṣe rí: jíìnì wá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó, káńfọ̀ wá láti inú àpótí ìyá ọkọ. Gbogbo ohun tí èèyàn fi ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé ti pé. Bàbá ọmọ ló kọ́kọ́ là á: "Ṣé ilé ìyàwó mi ló ti wá ni?" Mátírọ̀nì ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwa yòókù dáhùn. Ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹ jókòó. Nínú ọkùnrin márùn-ún ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan a máa ní in. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an, a ò tíì yẹ̀ yín wò." Bàbá ọmọ ní kí wọ́n yẹ òun wò, a yẹ̀ ẹ́ wò, tirẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mátírọ̀nì ti ṣiṣẹ́ kí èsì náà tó jáde. Ó yíjú sí ìyá àgbà, ó ní ilé tí kò ní káńfọ̀ nínú àpótí kò tó nǹkan ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé kí màmá má dá ara wọn lẹ́bi, kí wọ́n ṣáà kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Ó wá sọ fún wọn ìdí tí ohun tó lè pa ọmọ báyìí fi pọ̀ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀. Ibà ni. Lọ́dún 1954 ni onímọ̀ ìwádìí Anthony Allison ti kọ ọ́ pé àwọn tó jẹ́ AS kì í sábà kó sínú ibà líle bíi ti AA, ìyẹn ló sì jẹ́ kí jíìnì S wà títí láàárín àwọn tí ẹ̀fọn ń jẹ. Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni ti G6PD, ẹ̀rí kan tó lágbára lórí rẹ̀ sì ti ìtòsí wa níbí jáde, láti Ìbàdàn. Lọ́dún 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe ibà wò, àwọn tí X wọn kan ní G6PD pípé tí èkejì kò ní. Lára irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa méjèèjì ló wà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà: nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, X kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rí i pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ pé ní ìlọ́po 2 títí dé 80 ju èyí tí tirẹ̀ kò pé lọ. Ara kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà, ẹ̀fọn kan náà. Sẹ́ẹ̀lì nìkan ló yàtọ̀.

Kí a má wá sọ ọ́ di àǹfààní tí kò ní ìdíyelé o. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2017, tó kó ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pọ̀, fi hàn pé bí G6PD bá ti ń kéré sí i ni ewu ibà tó ń wọ ọpọlọ ń dín kù, ṣùgbọ́n ewu kí ibà fa ẹ̀jẹ̀ tán lára ọmọ ń pọ̀ sí i. Ìyá ọmọ wa sọ pé ibà kì í bá a jà bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan kò tó èèyàn fi ṣe ẹ̀rí.

Wọ́n mú ọmọ náà padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára ti gbó tán, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ náà sì ti ní ọ̀dọ́ àti àgbà bó ṣe yẹ. PCV 36. Túùbù kẹta búráùn. Dókítà ọ̀dọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ wá sí láàbù láti wá fojú ara rẹ̀ rí i, ó sì gbé túùbù náà sójú fèrèsé, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ti ìyá ọmọ kò hàn kedere, kò pupa tán kò sì búráùn tán, bó ṣe yẹ kó rí lára obìnrin tó gbé e ní apá kan. Ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ á pupa pátápátá, àyẹ̀wò wa kò sì ní rí i. Nítorí náà, èsì tó dáa lára ìyá kò tíì gba ọmọkùnrin rẹ̀ sílẹ̀.

Oyún wà lára ìyá náà nígbà yẹn. Ọkùnrin ló bí. A gba ẹ̀jẹ̀ láti ara ìwọ́ rẹ̀ ní yàrá ìgbẹ̀bí, òun náà búráùn. Wọ́n ń wọn bilirúbíìnì rẹ̀, ohun tó ń mú ojú ìkókó pọ́n, lójoojúmọ́, nígbà tó sì ń gòkè lọ́jọ́ kẹta wọ́n tètè gbé e sábẹ́ iná búlúù, kò dé ibi pàṣípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ìyá àgbà ti fọ gbogbo aṣọ ìkókó kí ó tó délé, ó sá wọn sóòrùn.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ díẹ̀. Bí àyẹ̀wò G6PD bá dáa lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bẹ́ lọ́wọ́, ẹ ka sẹ́ẹ̀lì tuntun kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lẹ ń yẹ̀ wò. Ẹ má wo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ nìkan. Ẹ béèrè àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀, kí ẹ sì ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún un. Àbúrò ìyá ọmọ yìí kò tíì bímọ nígbà yẹn, a sì ti sọ fún un pé gbogbo ọmọbìnrin tó bá bí ló máa gbé e, pé kò ní kan ọmọkùnrin rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òun.

Ní ti oògùn, ẹ má fi ẹ̀rù lé àwọn ẹbí kúrò nídìí oògùn ibà. Àpapọ̀ oní-artemisinin tí a ń lò lójoojúmọ́ kò ṣe irú ọmọ yìí ní nǹkan. Dapsone ni ká bẹ̀rù: oògùn ibà kan tí wọ́n fi dapsone àti chlorproguanil ṣe, ọdún 2008 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà nítorí àwọn tí ó ń bẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Primaquine, oògùn ibà mìíràn, tí wọ́n bá lò fún ọjọ́ gbọọrọ náà léwu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà láti ọdún 2012 pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìwọ̀n 0.25 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, kò nílò àyẹ̀wò. Methylene blue tí a ń fi ṣe àyẹ̀wò yìí gan-an, a kò gbọdọ̀ fún wọn lábẹ́rẹ́.

Dókítà ọ̀dọ́ wa fẹ́ kí a máa yẹ gbogbo ọmọkùnrin tuntun wò láti ara ìwọ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, owó kẹ́míkà ni kò tíì gbà pẹ̀lú wa. Ní báyìí, a fi ìlà mẹ́ta kún fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò G6PD tiwa: ọjọ́ tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ gbẹ̀yìn, àti ohun tó ti ṣe àwọn arákùnrin ìyá rí. Fọ́ọ̀mù tí wọn kò bá kọ nǹkan sí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a máa ń dá a padà sí wọ́ọ̀dù.